Forsythia: Igi Tí Í Tanná Kí Ó Tó Rúwé

Ní oṣù Kẹta, nígbà tí òtútù kò tíì kúrò tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, forsythia a ti tanná, a pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, láìtíì ní ewé kan. Orúkọ William Forsyth, ọlọ́gbà ọba, tí ó kú ní 1804, ni a fi pè é.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbà òtútù ni a ń gé ọ̀pọ̀ igi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti èyí yàtọ̀. Ẹ̀ka èṣí ni ó fi ń tanná. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti rudi. Ẹni tí ó bá gé e nígbà òtútù, òdòdó ọdún náà ni ó gé dànù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dúró títí ìtànná yóò fi rẹ̀. Nígbà náà ni kí a gé àwọn ẹ̀ka tí ó ti tanná, kí a sì gé díẹ̀ nínú àwọn ògbólógbòó láti ìdí. Oòrùn, àti ilẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí, ni ó fẹ́.