Ìbéèrè Ìkẹyìn Ìyá nínú Àwòrán Robert Indiana

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó wà nínú àwòrán alápá-méjì tí Robert Indiana, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, yà ní ọdún 1962. EAT, tí ó túmọ̀ sí “jẹun”, ni ó wà lórí aṣọ kan. DIE, tí ó túmọ̀ sí “kú”, ni ó wà lórí èkejì. Kò sí ojú ènìyàn níbẹ̀, kò sì sí oúnjẹ. Lẹ́tà gbàgàdà-gbagada, bí irú èyí tí a ń kọ sára pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, ni a rí. Èyí ni ó fà á tí a fi kà á mọ́ iṣẹ́ ọnà póòpù, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1950 sí 1970, tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń mú àwòkọ́ṣe láti inú ìpolówó ọjà, agolo oúnjẹ àti ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó bá fi ojú yìí nìkan wò ó lè rò pé yẹ̀yẹ́ ni ayàwòrán náà ń fi àwọn olùtajà ṣe. Ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1928 ni a bí i ní ìlú New Castle, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Earl Clark àti Carmen aya rẹ̀ ni ó gbà á tọ́ láti ìkókó, Robert Clark sì ni a ń pè é. Ìdílé náà kì í pẹ́ níbì kan. Kí ọmọ náà tó pé ọdún 17, ó ti gbé ilé 21. Ilé-iṣẹ́ epo Phillips 66 ni bàbá ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìgbéyàwó wọn túká, ìyá ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì láti gbọ́ bùkátà. EAT ni wọ́n sábà máa ń kọ sí iwájú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1949, Robert wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun òfurufú ní Alaska nígbà tí ìròyìn àìsàn ìyá rẹ̀ kàn án. Ó délé bá a láàyè. Ohun tí ìyá náà bi í kẹ́yìn ni pé ṣé ó ti rí nǹkan jẹ. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Bí ikú tilẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ikùn ọmọ ni abiyamọ ń rò.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago àti Edinburgh, ó sì dé New York ní ọdún 1954. Ní Coenties Slip, ní etí omi níbi tí ó ń gbé láti ọdún 1956, ó rí àwọn àwo idẹ àtijọ́ tí a gbẹ́ lẹ́tà sí, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ojú omi fi ń kọ àmì sára ẹrù. Láti ara wọn ni lẹ́tà rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1958, ó pa orúkọ Clark tì, ó sì fi orúkọ ìpínlẹ̀ tí a ti bí i rọ́pò rẹ̀.

Indiana fúnra rẹ̀ ni ó so EAT àti DIE mọ́ ikú ìyá rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún olùkọ́ ni pé kò sí ohunkóhun lórí aṣọ náà tí ó dárúkọ Carmen. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà yóò ka àṣẹ méjì, ọ̀kan dùn-ún gbọ́, ọ̀kan kò ṣeé kọ̀. Ìtumọ̀ yìí kò sì ṣìnà. Fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, àṣẹ àkọ́kọ́ di ohùn ẹnì kan, èkejì di ọjọ́ kan ní ọdún 1949. Ká ní ojú ìyá rẹ̀ ni ó yà, àwòrán ẹbí lásán ni ìbá jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ ìyá náà ni ó mú, ó sì fi í sílẹ̀ bí ó ti rí lójú títì.

LOVE, “ìfẹ́”, ni iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n mọ̀ jù, èyí tí ó di káàdì Kérésìmesì fún Ilé Àkójọpọ̀ Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní ti New York ní ọdún 1965. Pupa àti àwọ̀ ewé inú rẹ̀ wá láti ara pátákó Phillips 66 tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2018 ni ó kú ní erékùṣù Vinalhaven, ní ìpínlẹ̀ Maine, ní ẹni ọdún 89.

Ṣùgbọ́n EAT kò tán sórí aṣọ. Ní ọdún 1964, Indiana fi gílóòbù iná ṣe ọ̀rọ̀ náà ní títóbi fún ilé ìpínlẹ̀ New York níbi Ìpàtẹ Àgbáyé. Bí wọ́n ti tan iná náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ lọ síbẹ̀, wọ́n rò pé ilé oúnjẹ ni. Àwọn aláṣẹ sì ní kí wọ́n pa iná náà.