Ẹni Méjì Tí Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Oníyẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù kékeré oníyẹ́ síra wọn? Bádímíńtìn ni wọ́n ń pe eré náà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò rí roboto. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ 16 ni wọ́n gún yí orí rẹ̀ ká. Kò wúwo ju gíráàmù 5 àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa gbé e lọ. Ní Kútọnu tó wà létí òkun, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbá a. Wọ́n á ti fèrèsé pa. Ooru á mú, ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá ṣe sí i?

Ẹnì kan lè gbá a pẹ̀lú ẹnì kan. Ẹni méjì sì lè dojú kọ ẹni méjì. Ti ẹni méjì yìí ni a fẹ́ sọ.

Mítà 6 àti díẹ̀ ni ìbú pápá wọn. Bí wọ́n bá ń kọ lu ọ̀tá, ọ̀kan á dúró sí iwájú lẹ́bàá àwọ̀n, èkejì á wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń dáàbò bo ara wọn, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí àyè láti sọ pé, “Ìwọ gbà á!” Kí o tó sọ ọ́ tán, bọ́ọ̀lù ti bọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gba àmì 21 ló sábà máa ń mú abala kan. Ẹni tó bá mú abala méjì ló borí.

Báwo ni eléré ṣe ń jẹun nídìí rẹ̀? Ibí yìí ló ti le. Kò sí owó ẹ̀bùn rárá nínú àwọn ìdíje kékeré mìíràn. Eléré tó ti Èkó lọ sí ìdíje Benin International ní Kútọnu ní ọdún 2019 lè wọ mọ́tò gba Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúgáńdà tàbí Íjíbítì? Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí kò bá lọ, kò ní rí àmì gbà.

Ẹni méjì ló jọ ni àmì náà o! Bí wọ́n bá pínyà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá rọ́, èkejì náà jókòó nìyẹn.

Ẹ wo Anuoluwapo Opeyori àti Godwin Olofua, ọmọ Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì jọ gbá a ní Òlíḿpíìkì Tókíò, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021. Wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àmọ́ láti dé ibẹ̀ gan-an kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ẹgbẹ́ tó láǹfààní láti lọ kò pọ̀.

Opeyori ń gbá ti ẹnì kan pẹ̀lú. Òun ló gba góòlù rẹ̀ ní Eré Gbogbo Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Mòrókò ní ọdún 2019. Nígbà tí Òlíḿpíìkì Paris dé ní ọdún 2024, ti ẹnì kan ló lọ gbá níbẹ̀.