Ẹja Náà Ní PCV

Aboyún tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù mọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PCV. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á fi í yí bírí, pupa á lọ sísàlẹ̀, omi á lékè. Ìdá tí pupa bá gbà nínú ọ̀pá náà ni wọ́n ń kọ sínú káàdì. Bí kò bá tó 30, ọ̀rọ̀ dé: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, àti oògùn ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ń ṣe fún ẹja àrọ̀. Ẹja ò kúkú ní ọmọ ìka tí wọ́n máa gún. Iṣan ìdí ìrù ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiwa, inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń pèsè rẹ̀. Ní ti ẹja, apá iwájú kíndìnrín, lẹ́bàá orí, ni iṣẹ́ yẹn ti ń lọ jù.

Ebi lè ba ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́. Bí oúnjẹ bá wọ́n, ṣúgà tí ẹja fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ ná. Ó ń bọ́ sórí ọ̀rá, ẹ̀yìn náà ló kan ẹran ara rẹ̀ gan-an. Ẹja kì í ná agbára láti mú ara gbóná bíi tiwa, nítorí náà ó lè wà láìjẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má kú. Ibẹ̀ ló ti ń tan ẹni tó ń sìn ín jẹ: ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ta ló máa rò pé nǹkan ń ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó gbó ń kú lójoojúmọ́, áyọ́ọ̀nù àti pírótéènì tí ara máa fi ṣe tuntun kò sì wọlé. Bí ebi bá pẹ́, PCV a máa já wálẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara á dín kù, ara ò sì ní lè gbógun ti àrùn bó ṣe yẹ.

Wàhálà yìí ń pọ̀ sí i ní ìdájí, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú omi adágún kéré jù. Àrọ̀ ṣì lè yọ ẹnu sókè mí, torí ó ní ẹ̀yà ara tó wà fún un. Epìyà kò ní irú rẹ̀.

Ààwẹ̀ ọjọ́ kan kí a tó kó ẹja lọ ọjà kò burú. Ó ń jẹ́ kí omi inú táńkì mọ́. Èyí tí ọ̀wọ́n oúnjẹ ẹja ń fà ni mò ń bá wí, torí oúnjẹ nìkan ń kó ju ìdajì owó tí à ń ná lórí ẹja. Bí oúnjẹ bá tètè padà, ẹ̀jẹ̀ náà lè padà díẹ̀díẹ̀. Bí owó bá sì há pátápátá, oúnjẹ àwọn ńlá tó fẹ́ẹ̀ tó tà ni kí a dín kù. Ọmọ ẹja kò ní ohun púpọ̀ nípamọ́, bí ebi bá sì pa ọmọ àrọ̀, èyí tó tóbi á gbé kékeré mì.