Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ: Bí kẹ̀kẹ́ ológeere àti ìkòkò ilé ṣe lè gba owó òwò là l'Ájégúnlẹ̀ àti Àpápá

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó òwò ṣe ń tán lápò oníṣòwò kékeré. Kì í ṣe olè ló ń gbé e lọ, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọjà ń kùtà. Owó ọkọ̀ àárọ̀, owó ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ àti àwo oúnjẹ ọ̀sán ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bi ọ̀pọ̀ oníṣòwò léèrè iye tí wọ́n fi ra ọjà wọn, wọ́n á dáhùn kíá. Ẹ wá bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ná sórí ọkọ̀ àti oúnjẹ lóṣù tó kọjá, ẹnu wọn á wọhò.

Gbogbo Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ojútùú rẹ̀ sún mọ́ wọn. Àdúgbò méjèèjì fara kan ara wọn ní Boundary. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sùn l'Ájégúnlẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi iṣẹ́ wọn wà l'Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń já ẹrù láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tí èèyàn máa pọ́n. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù kò ju kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté àti àwọn táńkà tó ń wá gbé epo tò sórí títì àti orí afárá, débi pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń rìn wọ Àpápá. Ọkadà ló ń gba àwọn mìíràn sílẹ̀. Ní February 1, 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọkadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì wà nínú wọn. Ní February 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté, ìyẹn Nigerian Ports Authority, bẹ̀rẹ̀ ètò Eto, tó ní kí ọlọ́kọ̀ ẹrù gba àyè lórí kọ̀ǹpútà kó tó gbéra wá sí èbúté. Nígbà tó di June 1, 2022, ìjọba Èkó tún fòfin de ọkadà pátápátá ní ìbílẹ̀ mẹ́fà náà. Orúkọ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí nínú mẹ́fà yẹn. Ìyẹn ni pé òfin tó de ọlọ́kadà ní ìhà kan Boundary kò dé e ní ìhà kejì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Ní May 29, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, jálá epo... ẹ jọ̀ọ́, ká fi lítà sọ ọ́: lítà epo tí kò tó Naira 200 ti ń sún mọ́ Naira 500 l'Ékòó. Owó ọkọ̀ gbéra sókè, owó gáàrì àti ìrẹsì náà tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò o. Ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń tún fóònù ṣe l'Àpápá, tí ilé rẹ̀ wà l'Ájégúnlẹ̀. Ká ní Naira 600 ló ń ná sórí ọkọ̀ lójúmọ́, tó sì ń ra oúnjẹ ọ̀sán Naira 1,500. Ọjọ́ 26 ló ń ṣiṣẹ́ lóṣù. Owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ Naira 15,600, owó oúnjẹ jẹ́ Naira 39,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ Naira 54,600. Tó bá pé ọdún, ó ti di Naira 655,200. Ẹ fi iye tí ẹ̀yin ń ná rọ́pò tirẹ̀, kí ẹ tún un ṣírò.

Ká ní ọkùnrin yìí wá ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀, tó sì ń gbé oúnjẹ láti ilé, tí oúnjẹ náà ń ná an ní Naira 700. Ó dá Naira 800 sí lórí oúnjẹ lójúmọ́, ìyẹn Naira 20,800 lóṣù. Ẹ fi owó ọkọ̀ 15,600 kún un, ó di 36,400. Ẹ yọ Naira 3,000 fún táyà, ṣéènì àti bíréèkì, ó ku Naira 33,400 lóṣù, Naira 400,800 lọ́dún. Owó tó fi ra kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yọ níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ọjà tuntun ni ìyókù máa rà. Kò yá owó, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní kẹ̀kẹ́ ológeere ti di ti òtòṣì. Wọ́n gbàgbé. Nígbà kan, ẹni tó bá gun Raleigh tuntun wọ ìlú, ìran ni fún tọmọdé tàgbà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní Òṣómàáló, tí wọ́n ń tà aṣọ láwìn káàkiri ìletò, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí yóò fi sanwó, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe òwò náà. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá àti owó ilé-ìwé ló ti ara òwò yẹn jáde. L'Ékòó níbí, ọdún mélòó ni a ti ń rí àwọn tó ń ta Fan Milk lórí kẹ̀kẹ́? Kẹ̀kẹ́ ń gbé ẹrù pẹ̀lú. Àpò píọ̀ wọ́tà kan tó ní ọ̀rá 20 tó nǹkan bíi kìlò mẹ́wàá. Kẹ̀kẹ́ tó ní ibi ẹrù tó lágbára lẹ́yìn lè gbé méjì láìsí wàhálà. Ẹ̀yin obìnrin oníṣòwò, kẹ̀kẹ́ tí irin iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀ wà, ẹ ò ní í nílò láti gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá irin.

Ní ti oúnjẹ, kò pọn dandan kó jẹ́ oúnjẹ àpèjẹ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, yóò tètè jinná, gáàsì tàbí èédú tí yóò jẹ á sì dín kù. Ẹ se ọbẹ̀ ata tó máa tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó hó dáadáa bí kò bá sí ẹ̀rọ amóhuntutù. Láàárọ̀, ẹ bu oúnjẹ sínú kúlà nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìrẹsì tó bá tutù tó sì wà bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru Èkó lè fa inú rírun, owó oògùn á sì jẹ èyí tí ẹ tọ́jú.

Ìyá olóúnjẹ tó ń ka èyí, ẹ má bínú, òwò yín kọ́ là ń bàjẹ́. Ẹ wo ìlú Mumbai ní Íńdíà. Láti 1890 ni àwọn tí wọ́n ń pè ní dabbawala ti ń gba oúnjẹ tí wọ́n sè nílé lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ìyá, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá abọ́ padà sílé. Àmì tí wọ́n kọ sára abọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ín. Kí àrùn Kòrónà tó dé ní 2020, wọ́n tó nǹkan bí 5,000, oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lójúmọ́ sì tó nǹkan bí 200,000. Ìyá olóúnjẹ kan l'Ájégúnlẹ̀, ọmọkùnrin kan tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, àti ogún òṣìṣẹ́ l'Àpápá tó ń sanwó ọ̀sẹ̀ ṣíwájú: òwò nìyẹn. Ẹni tó bá ti sanwó ṣíwájú, ẹ ò ní í se oúnjẹ rẹ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Tírélà kì í rí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bọ̀rọ̀, àpótí ẹrù tí wọn kò dè dáadáa sì ti já lulẹ̀ rí. Kò sí èrè tó tó ẹ̀mí. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí títì tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Ẹ gba àárín àdúgbò, bó tiẹ̀ máa jìnnà díẹ̀. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í. Ẹ dé akoto, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, kí ẹ dán bíréèkì wò láràárọ̀. Bí òjò bá bo ilẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀, ẹ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í rí kòtò tó wà lábẹ́ omi. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ tó dára, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ irin. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ lè fi ti ìkòkò nìkan bẹ̀rẹ̀. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè, oúnjẹ nìkan dá Naira 20,800 sí lóṣù.

Iṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láti Boundary wọ Àpápá yóò ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ ìlérí lọ. Ṣùgbọ́n kí èyí tó dé, ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní. Ẹ kọ owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́. Àwọn tó sọ àdúgbò yẹn ní Ajégúnlẹ̀ ti ṣàdúrà pé kí ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ti gúnlẹ̀, ọwọ́ wa ló kù tí kò fi ní í tún gbéra lọ.