Fèrè Bọ́lẹ̀kájà Tí Wọ́n Fi Ń Sìnkú Awakọ̀ ní Accra

Bí awakọ̀ bá papò dà ní La, àdúgbò àwọn Gã ní etí òkun Accra, fèrè ọkọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sin ín dé ilé ìkẹyìn. Ẹgbẹ́ awakọ̀ La ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, Por Por ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti yẹ́ awakọ̀ tó ti lọ sí.

Ohun èlò wọn kò wá láti ṣọ́ọ̀bù olórin. Fèrè tó máa ń wà lára bọ́lẹ̀kájà láyé àtijọ́ ni: irin tó ká kọ́rọkọ̀rọ, tó lanu gbàgà níwájú, tó sì ní rọ́bà roboto ní ìdí. Tí wọ́n bá ti tẹ rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ á ta lu irin pẹlẹbẹ kékeré kan nínú rẹ̀, irin náà á gbọ̀n, fèrè á sì ké. Wọ́n tún ń lu agogo, ìlù, ríìmù táyà àti sípánà mọ́ ọn.

Ohùn kan péré ni fèrè kọ̀ọ̀kan ní, kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ kí ó yí i padà. Nítorí náà, ẹnì kan kò lè dá orin fọn. Kékeré á han, ńlá á dáhùn. Ẹni tó bá fọn tirẹ̀ tán á dákẹ́ kí ẹlòmíì lè rí àyè wọlé. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ló máa ba orin jẹ́.

Àwọn àgbà awakọ̀ sọ pé ojú ọ̀nà ni orin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí táyà bá jò lóru nínú igbó, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fi pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ fẹ́ ẹ, àwọn yòókù á sì máa fọn fèrè, wọ́n á máa lu irin kí ẹranko má baà sún mọ́ wọn. Bí ọwọ́ ẹni tó ń fẹ́ táyà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni ìlù náà ṣe ń rìn.

Irú ọgbọ́n báyìí, kí èèyàn fi ohun tó bá wà nítòsí ṣe orin, kò ṣàjèjì ní Ghana. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bá Asante jagun ní 1873 sí 1874, wọ́n kó ọmọ ogun wá láti erékùṣù Caribbean sí Cape Coast àti Elmina. Lára orin àwọn yẹn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ṣẹ̀dá adaha, orin fèrè onídẹ tiwọn, ní nǹkan bí 1880 sókè. Ṣùgbọ́n fèrè onídẹ wọ́n. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ní àwọn ọdún 1930, àwọn tí kò lówó fèrè fi ìlù àti ohùn ẹnu ṣe konkoma. Ó dé Èkó, ó sì wà lára ohun tí orin agídìgbo ti hù jáde.

Ní 2007, ọdún tí Ghana pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, ilé iṣẹ́ Smithsonian Folkways ní Amẹ́ríkà gbé àwo Por Por jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Steven Feld ló gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó fi ìsìnkú wọn wé ti ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ afunfèrè ti máa ń sin òkú.

Họ́ọ̀nù oníná ti gba ipò fèrè onírọ́bà lára ọkọ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ nínú ti Por Por kò rọrùn láti rí arọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ rọ́bà kì í pẹ́ gbẹ, kì í pẹ́ sán. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ fèrè tún ṣe kò kéré sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn.