Àkọ́tẹ̀ Ìwé: Ọrọ̀ Tí Ikán Ń Jẹ

Ohun tí a ní ni à á náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èpo igi. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ṣa ìwé ìtàn àròsọ àtijọ́ jọ. Ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ìwé Madame Bovary tí Gustave Flaubert kọ jáde ní ọdún 1857, atẹ̀wé ṣi orúkọ agbẹjọ́rò tí òǹkọ̀wé fi ìwé náà dá lọ́lá tẹ̀: ó tẹ Senart dípò Senard. A tún un ṣe lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ẹ̀dà tí ó ní àṣìtẹ̀ yìí gan-an ni àwọn olùkójọ ń fi owó gidi rà, nítorí òun ni ẹ̀rí àkọ́bí.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1938 ni C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní Èkó, kí ilé iṣẹ́ Nelson tó tún un tẹ̀. Ní Zaria, tí kò jìnnà sí Kaduna, ìdíje tí ó wáyé ní 1933 ni ó bí ìwé Hausa bí Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa.

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Kaduna ni ó kó ìwé sínú àpótí wá. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni akọtọ́ àtijọ́ wà, tí a ń kọ “aiye” àti “enia”, kí ti 1974 tó dé. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá kú, ọmọ a kó àpótí fún àwọn tí ń ra bébà àlòkù, ìwé a sì di ohun tí a fi ń pọ́n àkàrà. Èyí tí ó bá yè, ikán a jẹ ẹ́, ọyẹ́ a sì gbẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ tó tà á. Ẹ wá ọdún ìtẹ̀jáde. Ẹ má ṣe ya èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ àti nínú oòrùn. Bí ààyè kò bá sí nílé, ẹ fi lọ Ilé Arewa, ibùgbé Sardauna àtijọ́ tí ó di ilé ìwádìí ìtàn ní 1970, tàbí yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé tí a bá fi pọ́n àkàrà lónìí, ọmọ wa kò ní rí i kà lọ́la.