Ipa Èrò Òdì Àwùjọ lórí Àṣeyọrí Àwọn Àgbàlagbà Ẹ̀yà Roma ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Ìfáàrà
Yorùbá gbàgbọ́ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Èrò tí àwùjọ ní sí ènìyàn náà a máa ro ó. Àwọn Roma, tí iye wọn tó mílíọ̀nù 10 sí 12 ní Yúróòpù, jẹ́ ẹ̀yà tí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi hàn pé Íńdíà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ó ju 400 ọdún lọ tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní Moldavia àti Wallachia, kí a tó dá wọn sílẹ̀ ní 1855 àti 1856. Orúkọ burúkú tí a fún wọn, bí olè, ọ̀lẹ àti òpè, kò bá oko ẹrú lọ. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣàkóbá fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé.

Tíọ́rì tí a gùn lé
Ní 1995, Claude Steele àti Joshua Aronson fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun ní ìdánwò kan náà ní Yunifásítì Stanford. Nígbà tí wọ́n sọ pé ìdánwò náà yóò fi òye wọn hàn, ìṣe àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀, ó sàn sí i. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹ̀rù kí ènìyàn má baà jẹ́rìí sí ohun tí ayé ń sọ nípa ẹ̀yà rẹ̀ a máa gba àyè nínú ọpọlọ tí ó yẹ kí ó fi ronú. Síbẹ̀, àwọn ìwádìí àìpẹ́ fi hàn pé ipa yìí kéré ju bí a ti rò lọ, kì í sì í fi gbogbo ìgbà hàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn Roma
Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìbẹ̀rù nìkan. Ní oṣù kọkànlá 2007, Ilé-Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá ẹjọ́ àwọn ọmọ Roma 18 láti ìlú Ostrava, tí a fi sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà ọpọlọ. Ilé-ẹjọ́ ní ìyàsọ́tọ̀ ni, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tanú wà nínú ìdánwò tí a fi yàn wọ́n. Àwọn ọmọ náà ti di àgbàlagbà. Bí irú wọn bá jókòó sí ìdánwò iṣẹ́ lónìí, ẹrù méjì ni ó wà lórí wọn: ẹ̀kọ́ tí a fi dù wọ́n, àti ìrántí pé ìdánwò ni a fi dù wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí olùdánwò sọ ohun tí ìdánwò wà fún, kí ó má sì béèrè ẹ̀yà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó dọ́gba ni ìpìlẹ̀. Láìsí i, máàkì ẹni tí a fi ẹ̀kọ́ dù kò lè jẹ́ ẹ̀rí òye rẹ̀.